Èso Tí Ń Dún Bí Ṣẹ́ẹ́rẹ́ àti Iṣan Ẹ̀jẹ̀ Inú Ẹ̀dọ̀fóró

Ewéko kan wà tí ó ń hù ní etí ọ̀nà, ní ilẹ̀ iyanrìn, àti ní orí oko tí a ti ro rí tí a sì fi sílẹ̀. Òdòdó rẹ̀ ní àwọ̀ bí èso ìyeyè tí ó pọ́n, wọ́n a sì to ara wọn láti ìsàlẹ̀ ọ̀pá rẹ̀ dé òkè. Èso rẹ̀ wú bí àpò kékeré. Nígbà tí ó bá gbó tán, èèpo rẹ̀ a gbẹ, a sì dúdú, àwọn hóró inú rẹ̀ a sì já kúrò lára èèpo, tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé bí afẹ́fẹ́ bá mì í, yóò máa dún bí ṣẹ́ẹ́rẹ́. Nítorí ìró yìí ni àwọn onímọ̀ ewéko ṣe pe ìdílé rẹ̀ ní Crotalaria, láti inú ọ̀rọ̀ Gíríìkì kan tí ó túmọ̀ sí ohun tí a ń gbọ̀n kí ó lè dún. Láti inú ọ̀rọ̀ kan náà ni a ti mú orúkọ Crotalus, èyí tí í ṣe orúkọ ejò Amẹ́ríkà tí ń gbọn ìrù rẹ̀ kí ó tó bu ènìyàn ṣán. Orúkọ náà bá àwọn méjèèjì mu, nítorí oró wà nínú ejò náà, oró sì wà nínú ewéko náà pẹ̀lú. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé oró ejò kì í pẹ́ kí ó tó fi ara hàn lára ẹni tí ó bá bù ṣán, ṣùgbọ́n ewéko yìí a máa dúró.

Ẹ̀yà tí ó wà nínú ìdílé Crotalaria ju 600 lọ, ilẹ̀ Áfríkà ni ó sì ní èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn. Kì í ṣe gbogbo wọn ni ó burú. Ní ilẹ̀ Kenya, àwọn obìnrin a máa se ewé ẹ̀yà méjì kan ní ọbẹ̀, a sì ń tà á ní ọjà bí a ti ń ta tẹ̀tẹ̀ àti ṣọkọ. Àwọn méjì tí ọ̀rọ̀ yìí kàn jù ni Crotalaria spectabilis, tí ilé rẹ̀ jẹ́ ilẹ̀ Ásíà, àti Crotalaria retusa, tí ó ti tàn ká gbogbo ilẹ̀ olóoru, títí kan Ìwọ̀ Oòrùn Áfríkà. Oró kan náà ni ó wà nínú àwọn méjèèjì.

Ní ìhà gúúsù Amẹ́ríkà, pàápàá ní Florida, ilẹ̀ jẹ́ iyanrìn, kò sì lọ́ràá. Láàárín ọdún 1920 sí 1940, àwọn àgbẹ̀ ibẹ̀ gbin Crotalaria spectabilis sí àárín igi ọsàn wọn àti sí orí oko tí wọ́n fẹ́ kí ó sinmi. Ìdí tí wọ́n fi ṣe bẹ́ẹ̀ dára. Gbòǹgbò ewéko náà ní kókó wẹ́wẹ́ bí ti ẹ̀pà àti ẹ̀wà. Nínú kókó wọ̀nyí ni àwọn ohun alààyè tí ojú lásán kò lè rí ń gbé, àwọn ni ó sì ń gba náítírójìn láti inú afẹ́fẹ́ fún ewéko náà. Bí a bá ro ó pọ̀ mọ́ ilẹ̀, yóò jẹrà, yóò sì di ajílẹ̀ tí a kò náwó sí. Àwọn aràn tín-ín-rín inú ilẹ̀ tí ń ba gbòǹgbò ohun ọ̀gbìn jẹ́ kò sì lè rí ibi bí sí nínú rẹ̀. Ta ni nínú àwọn àgbẹ̀ ni ìbá kọ irú ẹ̀bùn bẹ́ẹ̀?

Ṣùgbọ́n ẹran ọ̀sìn bẹ̀rẹ̀ sí kú. Adìẹ tí ó ṣa hóró náà jẹ kú, ẹlẹ́dẹ̀ kú, màlúù àti ẹṣin rù títí wọ́n fi kú. Ohun tí ó da àwọn àgbẹ̀ láàmú jù ni pé ikú náà kì í bá oúnjẹ rìn pọ̀. Ẹran tí ó jẹ ewéko náà ní oṣù kan lè máa rìn, kí ó máa jẹ, kí ó máa mu, títí di oṣù kejì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí ó tó ṣubú lulẹ̀. Nígbà náà ni ẹni tí ó ni ín yóò máa fi ẹ̀sùn kan omi, tàbí eṣinṣin, tàbí koríko tuntun tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó ẹran lọ jẹ, nígbà tí apànìyàn ti kúrò lójú ọ̀nà tipẹ́tipẹ́.

Irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ rí. Ní òpin ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ọ̀pọ̀lọpọ̀ ẹṣin ni ó kú ní ilẹ̀ pẹ̀tẹ́lẹ̀ etí odò Missouri. Ẹ̀yà mìíràn nínú ìdílé náà, Crotalaria sagittalis, ni a rí pé ó pa wọ́n. Ní ìwọ̀ oòrùn Ọsirélíà, ní àgbègbè Kimberley, àìsàn kan wà tí a ń pè ní àrùn ìrìn kiri. Ẹṣin tí ó bá ṣe a máa rìn tààrà láìmọ ibi tí ó ń lọ, a máa kọlu igi àti ọgbà, a sì tún máa tẹ̀ síwájú. Ní 1957 ni a kéde pé Crotalaria ni ó fà á, Crotalaria retusa sì wà nínú àwọn ẹ̀yà tí a mú. Ẹ̀dọ̀ ẹṣin náà ni ó ti bàjẹ́, ìdọ̀tí tí ẹ̀dọ̀ ìbá sì fọ̀ kúrò nínú ẹ̀jẹ̀ ti gòkè lọ sí ọpọlọ rẹ̀.

Ní 1935, Neal, Rusoff àti Ahmann, tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ ní Florida, yọ oró náà jáde kúrò nínú hóró Crotalaria spectabilis. A pe é ní monocrotaline. Láti ọjọ́ náà ni ó ti ṣeé ṣe láti wọn oró yìí lórí òṣùwọ̀n, kí a sì mọ iye tí a fi fún ẹranko kan àti iye tí a fi fún èkejì. Kí ó tó di ìgbà náà, ewé àti hóró ni a ń fi bọ́ wọn, kò sì sí ẹni tí ó lè sọ bí oró inú ewé oko kan ti pọ̀ tó sí ti oko kejì.

Ó yẹ kí a sọ nísinsìnyí ohun tí ó mú kí àwọn oníṣègùn wá oró yìí lọ sí ilé ìdánwò wọn, nígbà tí àwọn àgbẹ̀ ń sá fún un.

Àrùn kan wà tí ń ṣe ènìyàn, tí a lè pè ní ẹ̀jẹ̀ ríru inú ẹ̀dọ̀fóró. Kì í ṣe ẹ̀jẹ̀ ríru tí gbogbo ènìyàn mọ̀, èyí tí dókítà ń fi rọ́bà wíwú wọ̀n ní apá. Ọkàn ènìyàn ní apá méjì. Apá òsì ń ti ẹ̀jẹ̀ lọ sí gbogbo ara. Apá ọ̀tún ń tì í lọ sí ẹ̀dọ̀fóró nìkan, kí ó lè gba afẹ́fẹ́ tútù níbẹ̀. Nítorí pé ọ̀nà ẹ̀dọ̀fóró kúrú, tí iṣan ẹ̀jẹ̀ ibẹ̀ sì rọ̀, apá ọ̀tún kò nílò agbára púpọ̀, ara rẹ̀ sì fẹ́lẹ́. Ṣùgbọ́n bí iṣan kéékèèké inú ẹ̀dọ̀fóró bá nípọn tí ihò wọn sì há, apá ọ̀tún yóò máa ti ẹ̀jẹ̀ pẹ̀lú làálàá, bí ẹni tí ń fẹ́ iná láti inú ìfọ́nná tí ẹnu rẹ̀ dí. Yóò kọ́kọ́ nípọn, lẹ́yìn náà yóò fẹ̀, ní ìkẹyìn yóò rẹ̀ ẹ́. Ẹni tí ó ní àrùn náà yóò máa mí hẹlẹ nígbà tí ó bá gun òkè tàbí tí ó bá ru omi. Ẹsẹ̀ rẹ̀ yóò wú. Ó lè dákú lójijì. Àwọn obìnrin ni ó ń ṣe jù, ó sì ń mú ẹni tí ọjọ́ orí rẹ̀ kò tíì pọ̀. Ní Amẹ́ríkà, láàárín 1981 sí 1985, a kọ orúkọ àwọn tí irú àrùn yìí ń ṣe láìsí ìdí kan tí a lè rí sílẹ̀. Ní àkókò náà tí kò tíì sí oògùn tòótọ́ fún un, ìdajì wọn kò lò tó ọdún 3 lẹ́yìn tí a ti mọ ohun tí ń ṣe wọ́n.

Báwo ni a ó ti ṣe wo irú àrùn bẹ́ẹ̀ nígbà tí ó ń bẹ̀rẹ̀? Kò sí ẹni tí yóò gbà kí a gé ẹ̀dọ̀fóró òun wò lọ́ṣọ̀ọ̀ṣẹ̀. Nígbà tí aláìsàn bá sì fi máa dé ọ̀dọ̀ dókítà, ìbẹ̀rẹ̀ àrùn náà ti kọjá lọ. Nínú àìní yìí ni hóró Crotalaria fi wúlò. Ní 1961, Lalich àti Merkow ní Amẹ́ríkà fi hóró náà sínú oúnjẹ eku, wọ́n sì rí i pé iṣan ẹ̀jẹ̀ inú ẹ̀dọ̀fóró wọn wú, ó sì bàjẹ́. Ní 1967, Kay, Harris àti Heath ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wọn agbára ẹ̀jẹ̀ nínú iṣan ẹ̀dọ̀fóró eku tí ó jẹ hóró náà, wọ́n sì fi hàn pé ó ti ru gidigidi, àti pé apá ọ̀tún ọkàn wọn ti nípọn. Èyí tí ó ń ṣe ènìyàn ti wà níwájú wọn nínú àgò.

Àkókò náà gan-an ni ìbànújẹ́ mìíràn ṣẹlẹ̀ tí ó mú kí ayé fi etí sí ọ̀rọ̀ yìí. Ní 1965 a bẹ̀rẹ̀ sí ta oògùn kan tí ń jẹ́ aminorex ní Switzerland, Austria àti Jámánì fún àwọn tí ó fẹ́ kí ara wọn fọn, nítorí kì í jẹ́ kí ebi pa ènìyàn. Láìpẹ́ ọ̀jọ̀, ẹ̀jẹ̀ ríru inú ẹ̀dọ̀fóró pọ̀ ní àwọn ilẹ̀ mẹ́ta náà ju bí a ti rí i rí lọ. A kó oògùn náà kúrò ní ọjà ní 1968. Ó ti wá dájú pé ohun tí ènìyàn fi ẹnu jẹ, tí ó gba inú ikùn wọlé, lè lọ ba iṣan ẹ̀jẹ̀ inú ẹ̀dọ̀fóró jẹ́, ohun tí eku Crotalaria sì ti ń sọ nìyẹn.

Ọ̀nà tí oró náà ń gbà ṣe iṣẹ́ rẹ̀ ni ó ṣeni ní kàyéfì jù. Monocrotaline fúnra rẹ̀ kò lè ṣe iṣan ẹ̀jẹ̀ ní ohun kan. Bí a bá kán an sórí awọ inú iṣan nínú ìgò, kò ní sí ewu. Ẹ̀dọ̀ ni ó ń sọ ọ́ di apani. Iṣẹ́ ẹ̀dọ̀ ni láti gba ohun àjèjì tí ó bá wọ inú ara, kí ó yí i padà kí ó lè bá ìtọ̀ jáde. Nígbà tí ẹ̀dọ̀ bá fi ọwọ́ kan monocrotaline láti ṣe iṣẹ́ rere yìí, ohun tí ń jáde lọ́wọ́ rẹ̀ burú ju ohun tí ó wọlé lọ: kẹ́míkà kan tí kò ní sùúrù, tí ń lẹ̀ mọ́ ohunkóhun tí ó bá kọ́kọ́ bá pàdé. Nínú omi lásán kì í lò ju ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ lọ kí ó tó bàjẹ́. Ṣùgbọ́n àwọn hóró pupa inú ẹ̀jẹ̀ a máa gbé e, wọn a sì dáàbò bò ó ní ojú ọ̀nà.

Ibo ni ẹ̀jẹ̀ tí ó ti ẹ̀dọ̀ jáde ń kọ́kọ́ dé? Ó ń lọ sí apá ọ̀tún ọkàn, láti ibẹ̀ ó sì wọ inú ẹ̀dọ̀fóró. Àwọn àgbà Yorùbá tí wọ́n fún ẹ̀yà ara méjèèjì ní orúkọ tí ó jọra, ẹ̀dọ̀ àti ẹ̀dọ̀fóró, kò rò nípa Crotalaria, síbẹ̀ ilé méjèèjì kò jìnnà sí ara wọn ní ojú ọ̀nà ẹ̀jẹ̀. Iṣan tí ó há jù tí májèlé náà yóò bá pàdé lẹ́yìn ẹ̀dọ̀ ni ti ẹ̀dọ̀fóró. Ibẹ̀ ni ó ń sọ ẹrù rẹ̀ kalẹ̀.

Ní ọjọ́ kìíní àti ọjọ́ kejì, awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí ó tẹ́ inú iṣan náà a bẹ̀rẹ̀ sí wú, a sì máa jò. Omi a sun sínú ẹ̀dọ̀fóró. Láàárín ọ̀sẹ̀ kìíní, àwọn hóró funfun inú ẹ̀jẹ̀ tí í ṣe ọmọ ogun ara a péjọ síbẹ̀. Bí ó ti wù kí ó rí, eku náà ń jẹun, ó ń sáré nínú àgò rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ara bẹ̀rẹ̀ sí tún ibi tí ó bàjẹ́ ṣe, àtúnṣe yìí gan-an ni ó sì ń di àrùn. Awọ tí ó ti bàjẹ́ kò lè sọ fún ẹran tí ó yí iṣan náà ká pé kí ó dẹwọ́. Nítorí náà ẹran náà a fún mọ́ra, a bí sí i, a sì nípọn, àní títí dé ara àwọn iṣan kéékèèké tí kì í ní irú ẹran bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kejì, agbára ẹ̀jẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí ru. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta sí ìkẹrin, apá ọ̀tún ọkàn ti wú, eku náà ti rù, irun rẹ̀ ti dúró ṣangiliti, ó sì ń mí kíákíá. Púpọ̀ nínú wọn kì í kọjá ọ̀sẹ̀ kẹfà.

Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni a sì fún wọn ní oró náà. Ìwọ̀n tí àwọn onímọ̀ ń lò jù ni mílígíráàmù 60 fún kílò kan ara eku, tí a fi abẹ́rẹ́ gún sí abẹ́ awọ. Eku tí ó wọn gíráàmù 250 yóò gba mílígíráàmù 15, èyí tí ó kéré sí ohun tí ó lè kún orí èékánná. Lẹ́yìn wákàtí díẹ̀, oró náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kúrò nínú ara rẹ̀ tán. Àìsàn tí ó pa á lẹ́yìn oṣù kan jẹ́ èyí tí ara òun fúnra rẹ̀ ń mọ lé orí ìpìlẹ̀ tí oró fi sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe wá mọ ìdí tí ẹṣin Missouri àti màlúù Florida fi ń kú nígbà tí kò sí ewé kankan mọ́ nínú ikùn wọn.

Láti mọ bí àrùn náà ti le tó, a ó fi oògùn oorun kun eku náà, a ó ti rọ́bà tín-ín-rín gba inú iṣan ọrùn rẹ̀ wọ inú apá ọ̀tún ọkàn, ẹ̀rọ yóò sì sọ bí ẹ̀jẹ̀ ti ń tì tó. Nígbà tí ó bá kú, a ó ya ọkàn rẹ̀ sí méjì, a ó wọn apá ọ̀tún, a ó wọn apá òsì pẹ̀lú ògiri àárín. Lára eku tí ara rẹ̀ le, apá ọ̀tún kì í ju nǹkan bí ìdámẹ́rin èkejì lọ. Lára eku Crotalaria ó lè tó ìdajì rẹ̀ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Òṣùwọ̀n yìí kò ṣòro, kò sì lè purọ́.

Kò yẹ kí a fi pamọ́ pé ìyà ń jẹ àwọn ẹranko wọ̀nyí. Ẹ̀dá tí èémí rẹ̀ kò tó wà nínú ìrora, ì báà ṣe ènìyàn, ì báà ṣe eku. Ní 1959, Russell àti Burch ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tẹ ìwé kan jáde tí ó di òṣùwọ̀n fún irú iṣẹ́ yìí: pé kí a wá ohun mìíràn lò dípò ẹranko níbi tí ó bá ṣeé ṣe, pé kí iye tí a ń lò dín kù, àti pé kí a fi oògùn àti ìtọ́jú dín ìrora kù. Nítorí èyí, ní ilé ìdánwò tí ó bá ń ṣe ohun tí ó tọ́, a kì í dúró de ìgbà tí eku yóò kú fúnra rẹ̀. Nígbà tí ó bá ti rù dé ibi kan tí a ti fi àmì sí tẹ́lẹ̀, a ó pa á láìsí ìrora. Àwọn kan ń bi ara wọn léèrè síbẹ̀ bóyá ohun tí a rí gbà tó ohun tí a ná. Ìbéèrè náà tọ́, ìdáhùn rẹ̀ kò sì lọ sí ọ̀nà kan ṣoṣo.

Ní apá kan, ohun rere ti ti ibẹ̀ wá. Ní 1988, Masashi Yanagisawa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Japan ṣàwárí ohun kan tí awọ inú iṣan ẹ̀jẹ̀ ń ṣe tí ó ń mú kí iṣan fún mọ́ra. A pè é ní endothelin. Oògùn tí ń dí i lọ́nà, bosentan, ni a dán wò lára eku Crotalaria, ó sì mú kí ara wọn yá. Ní 2001 a fi àṣẹ sí i ní Amẹ́ríkà fún ènìyàn. A dán sildenafil náà wò lára wọn, a sì fi àṣẹ sí i fún àrùn yìí ní 2005. Ní March 2024 ni a fi àṣẹ sí sotatercept, tí ó yàtọ̀ sí àwọn ti ìṣáájú. Àwọn yẹn ń mú kí iṣan dẹwọ́. Èyí ń gbìyànjú láti dá bíbí sí i ẹran iṣan náà dúró. Òun pẹ̀lú gba ara eku wọ̀nyí kọjá.

Ní apá kejì, ọ̀pọ̀lọpọ̀ oògùn ni ó mú eku lára dá tí kò sì ṣe ènìyàn ní oore. Simvastatin, oògùn tí ń dín ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ kù, ṣe iṣẹ́ tí ó wúni lórí lára eku. Nígbà tí a fún àwọn aláìsàn ní Amẹ́ríkà, tí a sì gbé èsì rẹ̀ jáde ní 2011, kò mú kí wọ́n lè rìn jìnnà ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ìdí mélòó kan ni ó fà á. Ọ̀pọ̀ ìdánwò ni a ti fún eku ní oògùn ní ọjọ́ kan náà tí ó gba oró, èyí tí í ṣe dídènà, kì í ṣe ìwòsàn. Kò sí aláìsàn tí ń wá sí ilé ìwòsàn kí àrùn rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀. Oró náà sì ń ba ẹ̀dọ̀ àti ọkàn eku jẹ́ pẹ̀lú, nítorí náà oògùn tí ó bá ẹ̀dọ̀ ṣe lè dàbí ẹni pé ó wo ẹ̀dọ̀fóró. Bí oògùn kan bá sì mú kí ẹ̀dọ̀ má lè yí monocrotaline padà, ara eku náà yóò le, kì í ṣe nítorí pé a rí ìwòsàn, ṣùgbọ́n nítorí pé a kò dá májèlé náà sílẹ̀ rárá. Ẹni tí kò bá ṣọ́ra yóò pariwo ayọ̀ lásán.

Àní láàárín àwọn ẹranko pàápàá, oró náà kò bá gbogbo wọn lò bákan náà. Eku kéékèèké inú ilé, tí ó jọ eku ńlá ní ojú ènìyàn, kì í ní àrùn ẹ̀dọ̀fóró náà dáradára, nítorí ẹ̀dọ̀ rẹ̀ kò yí oró náà padà lọ́nà kan náà. Àgùntàn a máa fara dà á ju ẹṣin lọ, nítorí ikùn ńlá rẹ̀ ń ba díẹ̀ jẹ́ kí ó tó wọ inú ẹ̀jẹ̀. Síbẹ̀ hóró púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà ti pa àgùntàn ní ìhà àríwá ìlà oòrùn Brazil, níbi tí Crotalaria retusa pọ̀ sí. Ní ti ènìyàn, ẹ̀dọ̀ ni oró irú èyí ń kọlù jù. Iṣan kéékèèké inú rẹ̀ a dí, omi a kún inú ikùn. Ní 1954, Bras, Jelliffe àti Stuart ṣe àlàyé irú àìsàn yìí lára àwọn ọmọdé ní Jàmáíkà, tí ikùn wọn wú, tí wọ́n sì ń kú. Ewé igbó ni àwọn ìyá wọn ń rẹ sínú omi gbígbóná fún wọn mu bí tíì, ìyẹn ohun tí Yorùbá ń pè ní àgbo, Crotalaria sì wà nínú ewé náà. Ìfẹ́ ni àwọn ìyá náà fi ń ṣe é. Láàárín 1973 sí 1975, ní agbègbè Sarguja ní ilẹ̀ Índíà, ọ̀pọ̀ ènìyàn ní àìsàn kan náà nítorí hóró Crotalaria tí ó dàpọ̀ mọ́ ọkà wọn nínú oko. Kò sí ẹni tí ó fi wọ́n sí i. Wọ́n hù pọ̀ ni, a sì kórè wọn pọ̀.

Nítorí náà ni ohun tí a rí nínú àgò eku fi kan àgbẹ̀ àti ìyá ọmọ. Sísè kò pa oró náà. Àwọn ọmọ Jàmáíkà wọ̀nyẹn mu ohun tí a ti fi omi gbígbóná ṣe, burẹdi tí a fi ọkà Sarguja ṣe sì ti gba orí iná. Bí a bá ń pa ọkà tàbí ẹ̀wà nínú oko tí ewéko olódòdó ìyeyè yìí wà, kí a fà á tu kí èso rẹ̀ tó dúdú, kí a sì kó o kúrò ní ibi tí ẹran lè dé, nítorí oró wà nínú ewé gbígbẹ pẹ̀lú. Hóró rẹ̀ kéré, ó ń dán, ó rí bí kíndìnrín ẹranko tí a sọ di wẹ́wẹ́. Ajọ̀ tí ihò rẹ̀ kéré sí hóró ọkà ni yóò yọ ọ́ kúrò, lẹ́yìn náà kí a fi ojú ṣa ìyókù. Ìdọ̀tí tí a yọ kúrò, kí a má ṣe dà á sílẹ̀ fún adìẹ. Iná ni kí a sọ ọ́ sí.

Bí ẹṣin tàbí màlúù bá ń rù láìsí ìdí, tí ó ń mí kíákíá, tí ó sì ń rìn kiri bí ẹni tí ó sọnù, kí ẹni tí ó ni ín má ṣe wo ibi tí ẹran náà jẹ lánàá nìkan. Kí ó rántí ibi tí ó jẹ ní oṣù tí ó kọjá àti ní oṣù tí ó ṣáájú rẹ̀, kí ó sì sọ fún dókítà ẹran. Bí ọmọ kékeré kan bá ń mu àgbo tí ikùn rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí wú, kí a dá àgbo náà dúró ní ọjọ́ náà, kí a gbé ọmọ náà lọ sí ilé ìwòsàn, kí a sì mú ewé tí a fi ṣe àgbo náà dání, àti ẹ̀ka rẹ̀ tí òdòdó àti èso wà lára rẹ̀ bí a bá lè rí i. Lára òdòdó àti èso ni a ti ń mọ Crotalaria jù. Ewé rẹ̀ nìkan, nígbà tí a bá ti rẹ ẹ́ sínú omi, ó jọ ti ọ̀pọ̀lọpọ̀ ewéko mìíràn.